Ẹ̀dà Kan Péré

Iwájú kọ́ọ̀tù ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Kàdúná,
níbi tí igi dóńgóyárò ti ń gbọn ewé sórí bébà.
Mùíbátù ni mí. Àwọn lọ́yà ń pè mí ní Ìyá Ẹ̀dà.
Ìwé ìkọ̀sílẹ̀, ìwé ilẹ̀, ìwé ìbúra,
gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń bá ènìyàn jà
ló ń gba abẹ́ iná ẹ̀rọ mi kọjá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí ọyẹ́ ti la ètè wa,
bàbá kan wọlé, eruku Ìkárá ṣì wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.
Ìlíyà, àgbẹ̀ àgbàdo.
Ó yọ ìwé òfin ilẹ̀ wa láti inú àpò símẹ́ǹtì,
ó ti ká etí ojú ewé kan: abala kejìdínlógójì.
Ó fi èdè Haúsá sọ pé, “Èyí nìkan. Ẹ̀dà kan péré.”

Ọmọ rẹ̀, Lárábà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án,
kò jókòó sí kíláàsì ẹ̀sìn tí kì í ṣe ti ilé wọn.
Tíṣà àgbà ní kó gbé àga rẹ̀, kó máa lọ.
Àga tirẹ̀ ni lóòótọ́, bàbá rẹ̀ ló kàn án.
Ó rù ú sórí, ó fi rin máìlì mẹ́ta.

Ọwọ́ mi dúró lórí ìdérí ẹ̀rọ.
Ẹ̀sìn tí wọ́n fẹ́ fi tipá kọ́ ọmọ náà,
tèmi ni. Mo kí ìrun ìyálẹ̀ta láàárọ̀ yẹn
lẹ́yìn ẹ̀rọ yìí kan náà.
Mo lè ní kò kàn mí.

Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ dìde lọ́kàn mi:
ilé-ìwé míṣọ̀n, ọdún tí eyín iwájú mi yọ.
Tíṣà bèèrè orúkọ, mo ní Mùíbátù.
Ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín náà.
Ó kọ Mábẹ̀lì sínú rẹ́jísítà.
Ọdún mẹ́fà ni Mábẹ̀lì fi ń dáhùn, “Mo wà ńbí, sà,”
tí Mùíbátù ń ṣọ́ bàtà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Bàbá mi kò ní ìwé kankan tó lè ká etí rẹ̀.
Ó ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.
Mo jẹ oyin náà. Mo ṣì ń rí ẹnu àáké.

Mo tẹ̀ ẹ́. Tàdáwà ti ń tán:
ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde, “òmìnira” ṣófo láàárín
bí ẹnu ọmọ tó ká eyín.
Mo gbọn ike tàdáwà, mo tún un tẹ̀. Èkejì mọ́.
Mo ní kó máa mú un lọ, kó fi owó sílẹ̀.
“Rárá o,” ó ní. “Sàárà kọ́ ni mo wá gbà.”
Ó ka àádọ́ta náírà sórí tábìlì.
Mo gbà á.

Bébà kì í ti ilẹ̀kùn, mo mọ̀.
Lọ́dún tí odò ìlú yìí di ààlà,
tí àbúrò mi, díákónì, kó lọ sí apá gúúsù,
tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù kí ara wa
ní Iléyá, ní Kérésì, bí ará òkè òkun,
abala kejìdínlógójì wà nínú ìwé.
Kò dá òkúta kan ṣoṣo dúró lófuurufú.
Wọ́n ti sún ẹjọ́ Lárábà síwájú lẹ́ẹ̀mẹta báyìí.
Ìlíyà ń bọ̀ síbẹ̀. Ó ń wọ ọkọ̀ ìdájí.

Ẹ̀dà tó bàjẹ́, ọmọ oníkúlíkúlì ló gbà á,
ó fi wé tèmi fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà.
Epo ti wọ inú bébà. Mo nà án sí oòrùn:
níbi tí “òmìnira” ti ṣófo,
mo rí ìka ara mi lódì kejì.